Ọ̀kadà tí mo kọ́kọ́ rà, tí mo sì tà lóṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì, Igbó-Ọrà

Àbúrò mi tó ń kọ́mọ ní Ìgangan, ìwọ tó o bèèrè bóyá ọ̀kadà ẹlẹ́ńjìnì 100 cc ni kó o rà àbí ti 150 tí ẹńjìnì ẹ̀ tóbi jù ú lọ, ìtàn tèmi rèé.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mò ń ṣe. Lọ́dún 2016 wọ́n gbé mi kúrò láàárín ìlú, mo wá ń wọ àwọn abúlé tó wà lágbègbè Tápà àti Ayétẹ̀. Owó tí mò ń san fún ọlọ́kadà ń jẹ owó oṣù mi tán, mo bá ní n ó ra tèmi. Àbúrò ọkọ mi ló bá mi lọ sọ́jà. Inú ire ló fi bá mi lọ. Ó ní ọ̀nà wa kò dáa, ẹrù á wà lẹ́yìn mi, kí n yáa ra 150 tó lágbára. Ó gùn ún yípo ọgbà ẹni tó ń tà á, ó ní ó dáa. Èmi ò gùn ún, mi ò tíì mọ̀ ọ́n gùn nígbà yẹn. Ojú ni mo fi rà á. Ó dúdú, ó ń dán, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi ni pé kí n jókòó lé e, kí n wò ó bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì á kanlẹ̀. Mi ò ga. Tí mo bá wà lórí màṣíìnì yẹn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀, gìgísẹ̀ mi wà lókè. Lórí pápá ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ ọ, mi ò ka ìyẹn sí, torí ilẹ̀ tẹ́jú. Sátidé mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń di kílọ́ọ̀ṣì mú, kó tẹ gíà, kó wá máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fún un níná. Ó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ títí ó fi sú mi, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn.

Lóṣù Keje, òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan. Mo gbé kúlà abẹ́rẹ́ sẹ́yìn, mo fi rọ́bà dè é. Ibi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò, màlúù ń sọdá, mo bá dúró. Mo na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ẹsẹ̀ ò bá nǹkan kan: àgbàrá ti gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ. Tí ọ̀kadà bá ti fẹ̀gbẹ́ kọjá ibì kan, kò sí apá tó lè fà á padà. Ó wó lù mí. Bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ, sàléńsà jó mi, àpá ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi dòní. Epo ń kán sílẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, kò mì. Àwọn ọmọ tó ń da màlúù ló wá bá mi gbé e dìde. Kúlà ni mo kọ́kọ́ ṣí wò kí n tó wo ẹsẹ̀ mi. Yìnyín ṣì wà nínú ẹ̀, mo dúpẹ́.

Mo tà á lóṣù kẹta tí mo rà á, mo pàdánù ₦40,000. Nígbà tí mo padà lọ sọ́jà, èmi fúnra mi ni mò ń jókòó lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bajaj Boxer 100 ló bá ẹsẹ̀ mi mu. Mo ní kí ọkùnrin tó ń tà á jẹ́ kí n rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí n tún gbé e dìde. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú, àmọ́ ó gbà. Mo ti bi mẹkáníìkì kan léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é: o máa kẹ̀yìn sí i, wàá fi ọwọ́ kan di ọwọ́ ọ̀kadà mú, wàá fi èkejì di irin tó wà lẹ́yìn ìjókòó, wàá lóṣòó díẹ̀, wàá wá máa fi itan tì í sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn gbé e, ẹ̀yìn á dùn ún. Mo gbé e dìde, mo sanwó. Ó ń lọ́ra díẹ̀ tó bá ń gun òkè, ṣùgbọ́n kò sí abúlé tí mi ò fi dé.

Àgbẹ̀ kòkó, Ilé-Olújì

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ewu. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́.

Tèmi ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1994, owó kòkó wọlé, mo ra irú màṣíìnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n, torí èyí tó pọ̀ níta báyìí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì ẹńjìnì sí. Ti ìgbà yẹn, inú epo ni ọ́ìlì ń gbà dé ara písítìnì. Wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo sì gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mò ń kánjú, mo ra epo inú ìgò létí ọ̀nà, n kò fi ọ́ìlì sí i. N kò tíì rìn jìnnà tí ẹńjìnì fi gan, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi lórí eré, mo fi ẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀. Ká ní mo yára di kílọ́ọ̀ṣì mú ni, táyà ì bá máa yí. N kò mọ̀ nígbà yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ mi. Ó ra àlòkù kan lówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọlé ẹ̀. Wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ nọ́ńbà tó wà lára irin ọrùn màṣíìnì náà. Ó sun àgọ́ ọlọ́pàá lóru méjì kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe òun ló jí i, owó ẹ̀ sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ kà á mọ́ ti inú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé wà nílé, ẹ ní kó lọ gbé e wá.

Agbóúnjẹ-kiri, London

Ẹ kú ìrírí, bàbá. Ẹ kú ewu ọmọ.

Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ ọ̀kadà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gùn ún tí n kò fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, torí wọ́n ní ńṣe ló máa ń dojú èèyàn délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibí, wọ́n ní àfi kí n ṣe CBT. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀kadà gígùn ni, ó sábà máa ń gba ọjọ́ kan, ìjọba ibí ti sọ ọ́ di dandan láti 1990. Tí o bá ti pé ọmọ ọdún 17, ó lè jẹ́ kó o gun èyí tí kò ju 125 lọ, pẹ̀lú lẹ́tà L pupa níwájú àti lẹ́yìn. O ò gbọdọ̀ gbé èrò, o ò gbọdọ̀ wọ mọ́tòwéè, ọdún méjì sì ni ìwé ẹ̀ ń lò. Ó bí mi nínú. Èmi tí mo ti ń gbé èrò méjì pẹ̀lú àpò gààrí!

Olùkọ́ ní kí n sáré wá, kí n dúró níbi àmì. Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni mo tẹ̀, táyà ẹ̀yìn yọ̀, mo kọjá àmì lọ gbuurugbu. Ó wá ṣàlàyé pé tí èèyàn bá ti tẹ bíréèkì, gbogbo ìwúwo máa ń wọ́ síwájú, táyà iwájú ló wá ń di ilẹ̀ mú jù. Kí n kọ́kọ́ rọra fún un, kí n má já a gbà, kí táyà sì wà lọ́gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé tí mo bá pè wọ́n, torí mo ti sin ọ̀rẹ́ kan tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí mo wá ra tèmi, mo lọ mú èyí tó dà bíi ti eléré ìje. Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táǹkì, ọrùn ọwọ́ ń ro mí láti ọ̀sán dòru. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n jí i. Èyí tí mo ń gùn báyìí ò lẹ́wà, ṣéènì tí mo fi ń tì í sì wúwo ju àpò oúnjẹ lọ.

Ará Kétu, orílẹ̀-èdè Benin

Ẹ má jẹ́ kí táyà olóríímù dídà, èyí tó ń dán, fà yín lójú tí ọ̀nà yín bá burú. Tèmi kọ lu kòtò, ó sán, mo ra tuntun. Táyà onísípóòkì, ìyẹn onírin tẹ́ẹ́rẹ́, lè wọ́, àmọ́ alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ á fún un dọ́gba padà. Tó bá sì jẹ́ epo inú ìgò, ẹ gbé ìgò sókè wo ìdí ẹ̀. Tí omi bá wà nínú ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò rọ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì, Igbó-Ọrà

Àbúrò mi, mo rí i pé o ní gbogbo ọkùnrin ibiṣẹ́ yín ló ń sọ pé 150 ni. Wọ́n lè máa sọ òótọ́ nípa ẹsẹ̀ tiwọn. Mi ò níṣẹ́ ní Sátidé. Wá, Ìgangan sí ọ̀dọ̀ wa kò jìnnà. Wọ ṣòkòtò, wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, má wọ sálúbàtà. Mo ní akoto méjì. A máa lo tèmi ní pápá: wàá jókòó lé e, wàá tẹ́ ẹ sílẹ̀, wàá gbé e dìde. Lẹ́yìn náà la ó jọ lọ sọ́jà.