Ta ló fi Súùtìn lé yín lọ́wọ́?

Àrẹ̀mọ Òkè-Àdó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí ní ìbéèrè kan lánàá tí mi ò rí èsì fún. Ó ní, "Dádì, àwọn wo lẹ̀ ń wò yìí tí wọn ò gba líìgì rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi?" Kò kúkú purọ́. 1998 ni Súùtìn, ìyẹn Shooting Stars (3SC), ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn wa, gba líìgì kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ gan-an ṣì wà ní pámárì nígbà náà. Bàbá bàbá mi ló mú bàbá mi lọ sí pápá Líbátì. Bàbá mi ló mú èmi lọ sí pápá Adamásingbà. Èmi náà ti ra jẹ́sì búlúù fún ọmọ, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ti Arsenal ló ń wọ̀ jáde. Ta ló fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yín lé ẹ̀yin lọ́wọ́? Kì í ṣe 3SC nìkan o. Ẹni tó bá ní ìtàn kó sọ ọ́.

Bàbá Adùnní
Rédíò ni. Télọ̀ ni bàbá mi, Òkè-Bọ́là ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 1976 tí IICC, orúkọ tí Súùtìn ń jẹ́ nígbà náà, lọ bá Tonnerre ti Cameroon ní Yaoundé fún ẹsẹ̀ kejì àṣekágbá ife Áfíríkà. A ti nà wọ́n 4-1 nílé, gbogbo ayé ń sọ pé ó ti parí, àfi bàbá mi. Ó ní ilé onílé là ń lọ. Kò fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà kankan lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ lé orí rédíò báyìí, bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Nígbà tí wọ́n gbá ẹyọ kan wọlé wa, ó yí ohùn rédíò sílẹ̀, ó wá gbé etí lé e, àfi bíi pé tí àwa yòókù ò bá gbọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí rẹfirí fun fèrè, 1-0 náà ló parí sí, 4-2 lápapọ̀, ife ti di tiwa. Ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan ní Nàìjíríà gbà! Bàbá mi tí kì í jó níbi ìnáwó bọ́ sójú títì, tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jó. Àbúrò mi tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, Ṣẹ́gun ló sọ ọ́, nítorí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, agbábọ́ọ̀lù wa. Oyèníyì ni ìyá mi fẹ́. Kò rí i ṣe.

Ṣadé Ìwó Road
Ẹ̀gbọ́n mi náà Ṣẹ́gun. Ìdí kan náà. Ṣé gbogbo Ṣẹ́gun tí wọ́n bí n'Ìbàdàn nígbà yẹn ni?

Kọ́lápọ̀
Èmi ni Mudà, ti Muda Lawal, agbábọ́ọ̀lù Súùtìn. Onígbàgbọ́ ni wá nílé o. Kọ́lápọ̀ ló wà nínú ìwé, Mudà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí títí dòní.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ̀yin ọkùnrin kàn ń sọ bàbá, bàbá. Ìyá mi ló fi lé èmi lọ́wọ́, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá tó ń lọ sí Líbátì láìwọ inú pápá rí. Ẹ̀pà àti gúgúrú ló ń tà lẹ́nu géètì. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, oníbàárà ò sí mọ́, àwa méjèèjì á jókòó sórí àpótí, òun á máa sọ eré fún mi. Etí ló fi ń wò ó. Ó ní góòlù tiwa máa ń ròkè lójijì, kì í sì í tètè sọ̀kalẹ̀. Góòlù àlejò kì í dún rárá, ṣe ni pápá á dákẹ́, èèyàn á wá gbọ́ ìró mọ́tò láti Ring Road. Tí bọ́ọ̀lù bá ba òpó, gbogbo wọn á fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló máa ń ya èmi lẹ́nu jù.

Nígbà tó di 1992, mo ti ń ṣiṣẹ́. Súùtìn pẹ̀lú SC Villa ti Uganda, àṣekágbá CAF Cup, ọdún tí wọ́n dá ife yẹn sílẹ̀ gan-an. Ọ̀mì 0-0 ni wọ́n gbá bọ̀ láti Kampala. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, mo ní, "Màámi, ẹ gbé ọpọ́n sílẹ̀ lónìí." Ó ró àǹkárá búlúù. A jókòó, eré bẹ̀rẹ̀, mo wojú rẹ̀, ó ti dijú. Mo ní, "Màámi, ṣé ó rẹ̀ yín ni?" Ó ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Góòlù àkọ́kọ́ ti wọlé kó tó lajú. Mẹ́ta là gbá fún wọn lọ́jọ́ náà. Ó ti lọ báyìí. Tí èmi náà bá ń gbọ́ eré lórí rédíò, mo máa ń dijú.

Ọmọ Akínyẹlé
Màámi, ẹ ti pa mí lẹ́kún níbi iṣẹ́.

Lánre Èkó
Ẹ má bínú mà, mi ò pè yín ní òpùrọ́ o, ṣùgbọ́n kò yé mi bí èèyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n láti ìta tó báyẹn. Góòlù tí rẹfirí fagi lé ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ó ní ìyẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìgbéyàwó, á parí bí ìjà.

Bàbá Adùnní
Lánre, gbẹ́nu kúrò níbẹ̀. Bi àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn pápá.

Gbénró
Ẹ̀yìn Adamásingbà nilé wa. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìyá àgbà wa kì í bèèrè iye tí wọ́n gbá. Tí pápá bá ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ní kí wọ́n má wulẹ̀ ro àmàlà bàbá wa, kò ní jẹ ẹ́.

Lánre Èkó
Mo gbà. Ẹ forí jì mí, mà.

Mọ́kọ́lá Ni Wá
Ìyá Ìbejì, ìyẹn tí ẹ sọ pé góòlù àlejò kì í dún, ó dùn nílé tiwa o! Ọmọ Igbo ni bàbá mi, Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí, Rangers ti Enugu ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Bàbá mi kì í lè pariwo. Ní 1977 tí Rangers fi pẹnáritì lé IICC kúrò ní Kaduna, nínú ìdíje ife yẹn kan náà tí IICC ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ìyá mi ní ṣe ni bàbá mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń fò sókè láìwọ bàtà. Lọ́jọ́ kejì, Alhaji tó jẹ́ onílé wa kanlẹ̀kùn, ó gbé màlúù... rárá o, ẹran ìgalà ni, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ yéé dá ayọ̀ ṣe." Ọ̀rẹ́ ni wọ́n títí Alhaji fi kú.

Bàbá Adùnní
Kaduna! Má rán mi létí. Okala, gólì Rangers, ló dúró lójú ilé, ó ga bí òpó iná. Best Ogedegbe ló wà ní tiwa. 0-0 lẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́, 0-0 lẹ́sẹ̀ kejì. Ó ń dùn mí báyìí gan-an.

Ìsàlẹ̀-Èkó Tòótọ́
Ẹ̀yin ṣì ní ẹgbẹ́ tí ẹ lè máa sunkún lé lórí. Tiwa ti kú. Stationery Stores. Adébájọ̀, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ Stationery Stores, dá a sílẹ̀ ní 1958, bàbá bàbá mi wà ní pápá Onikan fún un, bàbá mi náà, èmi gan-an dé ìparí rẹ̀. Ife FA ní 1967, 1968, 1982, 1990, líìgì ní 1992, lẹ́yìn náà ó di ohun tí à ń fi ẹnu sọ. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò rántí orúkọ àwọn ọmọ mi mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà tí mo ní "Up Super!", á dáhùn kó tó mọ ẹni tó ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú mi lọ́wọ́, ó ní ṣé Haruna ti dé láti ìgbaradì. Haruna Ilerika, agbábọ́ọ̀lù Stores nígbà náà. Mo ní ó ti dé, sà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọmọ Akínyẹlé
Up Super, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa kí bàbá.

Ẹ̀gbá Lìṣàbí
Ọlọ́run á tọ́jú bàbá o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú. Ohun tó ṣe wá l'Ábẹ́òkúta nìyẹn. Abiola Babes gba ife FA ní 1985 àti 1987, gbogbo Ẹ̀gbá gbé e sórí, ní ọjọ́ kan kò sí mọ́. Leventis United n'Ìbàdàn ńkọ́? Wọ́n gba líìgì àti ife ní 1986, wọ́n sì kógbá wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Olówó ló ni ín, olówó ló pa á.

Àrẹ̀mọ Òkè-Àdó
Ẹ̀gbọ́n, Súùtìn yìí náà, WNDC ni, kó tó di IICC. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni. Ẹ̀yin lẹ tún gba Yekini lọ́wọ́ wa nígbà ti Abiola Babes yẹn, mi ò tíì gbàgbé.

Ìsàlẹ̀-Èkó Tòótọ́
Adébájọ̀ kú ní 1969. Ta ló wá ń kún Onikan lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé owó rẹ̀ ni?

Ẹ̀gbá Lìṣàbí
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí i pé ìjọba ò lè kógbá wọlé bí ilé-iṣẹ́. Ìdí tí Súùtìn ṣì fi wà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ ká jà.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Remo Stars, olórí líìgì Nàìjíríà, 2025! Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ wa ni? 2017 ni àwa àti 3SC jọ jábọ́, 2021 la jọ padà wọlé. Àwa ti dé òkè téńté. Ìbàdàn, ẹ wá bá wa yọ̀, ọmọ Odùduwà ni wá.

Kọ́lápọ̀
Mo bá yín yọ̀ láti ọkàn wá. Ṣùgbọ́n mi ò lè jó. Ẹ yé bẹ̀ mí.

Gbénró
Èmi jó o. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ kan láti ìhà wa gba líìgì. Ọmọ ìyá ni.

Kọ́lápọ̀
Gbénró, ìwọ tí o ń gbé ẹ̀yìn Adamásingbà? O jó?

Gbénró
Inú yàrá ni, bíi ti bàbá Mọ́kọ́lá.

Fẹ́mi Peckham
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe mí. Òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa, Millwall ni tirẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ń lọ, bàbá rẹ̀ ń lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ báyìí. Wọn ò gba ife ńlá kankan rí o. Ó bi mí léèrè ẹgbẹ́ tèmi, mo ní Arsenal. Ó ní, "Ṣé Islington ni wọ́n bí ọ sí?" Mo ní rárá, Ìbàdàn ni. Ó ní, "Ṣé Ìbàdàn ò ní ẹgbẹ́ ni?" Kò fi bú mi, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò lè dáhùn. Mo dé ilé, mo pe bàbá mi, mo ní kí wọ́n sọ ti 1996 fún mi, èyí tí wọ́n ti ń sọ láti kékeré mi tí mi ò fetí sí. Súùtìn àti Zamalek ti Íjíbítì, àṣekágbá ife Áfíríkà: a nà wọ́n 2-1 n'Ìbàdàn, wọ́n nà wá 2-1 ní Cairo, wọ́n sì fi pẹnáritì gba ife. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé. Káàdì ìpè mi tán, wọ́n tún pe èmi padà láti ilé, wọ́n ní àwọn ò tíì parí.

Ṣadé Ìwó Road
Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àwa là ń náwó jẹ́sì fún àwọn tí kò mọ̀ wá.

Lánre Èkó
Àǹtí Ṣadé, ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn lẹ́nu. Mo lọ wo líìgì wa ní pápá kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo sanwó, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán, wọ́n sì ń ti àwọn tí kò sanwó wọlé. Nígbà tí mo bèèrè, ẹni tó dúró ní géètì fi bẹ́líìtì nà mí lẹ́yìn. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí a délé, ó ní òun fẹ́ Chelsea. Kí ni kí n sọ fún un?

Ṣadé Ìwó Road
Haa. Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mi ò mọ̀.

Bàbá Adùnní
Èyí ló ń pa wá. Wọ́n tún Adamásingbà ṣe, koríko ti dáa, iná ti wà, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu géètì lọmọdé ti ń mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ òun níbẹ̀. Lánre, mú ọmọ náà wá n'Ìbàdàn. Mo máa dúró dè yín lẹ́nu géètì fúnra mi.

Lánre Èkó
Ẹ ṣeun, sà. Mo ń bọ̀ lóòótọ́ o.

Àrẹ̀mọ Òkè-Àdó
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi tán. Ti màámi elépà ló ní kí n tún kà. Ó ní òun á lọ lọ́jọ́ Àìkú, àmọ́ òun ò tíì sọ pé òun á wọ jẹ́sì. Bàbá mi náà ń bọ̀, orúnkún ń dùn wọ́n. Apá ibo ni kí á jókòó tí òòrùn ò ní pa bàbá ní aago mẹ́rin?

Gbénró
Abẹ́ òrùlé. Ẹ tètè dé, ẹ mú omi dání.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Kí bàbá jókòó sábẹ́ òrùlé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bọ́ sí ìhà kejì, lọ́dọ̀ àwọn onílù. Èmi náà á wà níbẹ̀, ẹ bèèrè ìyá tó gbé ẹ̀pà dání.