Ta ni ó ń mi ilẹ̀? Lórí “tìtì” inú “ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Mo ka ìwé tí alàgbà wa kọ ránṣẹ́ ní àná, nínú èyí tí wọ́n ti pe iṣẹ́ fífi ìró wá ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní “ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀”, tí wọ́n sì pe ìlànà tuntun tí a fi ń to àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní “ìtò wúruwùru”. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yẹ ní ohun tí a ó fi kọ́ ọmọ.

“Tìtì” ni ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Bí ilẹ̀ bá mì tìtì, kò sí ẹni tó mì ín. Òun fúnra rẹ̀ ló mì, àwọn àgbà sì ti ní ìsẹ̀lẹ̀ fún un kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, ènìyàn ló ń mi ilẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan yóò dúró, yóò sọ àwo irin abẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, yóò gbé ìwúwo ara rẹ̀ lé e, yóò sì máa gbọ̀n, bí ìgbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, títí yóò fi yára dé bí 80, tí òkúta wẹ́wẹ́ etí àwo náà yóò máa ta sókè. Ìró náà yóò wọ ilẹ̀ lọ, yóò kan ibi tí irú àpáta ti yí padà, gbohùngbohùn rẹ̀ yóò sì padà wá bá àwọn ẹ̀rọ tó ń dúró dè é lókè. Nígbà tí Karcher, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán iṣẹ́ yìí wò ní Oklahoma ní 1921, dáínámáìtì ni wọ́n yìn. Wọn kò dúró de ìsẹ̀lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ìmilẹ̀gbohùn” dípò “ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀”. “Gbohùn” ni, bí ó ti wà nínú agbohùnsílẹ̀, kì í ṣe “gbóhùn”, nítorí gbígbà ni ẹ̀rọ ń gba ohùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì kọ ọ́ ní “ìmìlẹ̀”. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tó bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn rẹ̀ a di àárín: igi mì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ mi igi. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní àmì ohùn a máa dá ìwé tí a bá ti ṣi èyí kọ padà láìkà á dé òpin. Ẹnìkan ní òǹkàwé yóò rò pé à ń gbé ilẹ̀ mì ni. Ta ni í mi ilẹ̀ bí ẹni mi oògùn?

Ní ti “wúruwùru”, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìṣirò bíi Candès, Romberg, Tao àti Donoho gbé jáde ní 2006 ló wà nídìí ìtò yẹn. Bí àlàfo àwọn ẹ̀rọ bá dọ́gba, tí ó sì fẹ̀ jù, àṣìṣe yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì jọ gbohùngbohùn tòótọ́. Bí kò bá dọ́gba, àṣìṣe náà yóò fọ́n ká bí ariwo lásán, kọ̀ǹpútà yóò sì lè ṣà á kúrò, débi pé ẹ̀rọ díẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ púpọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò wà ni wọ́n ti ṣírò tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí kò ronú là ń pè ní wúruwùru; “àìdọ́gba àmọ̀ọ́mọ̀ṣe” ni èyí. Ti àwọn ọkọ̀ tó ń mi ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a ó ya ohùn wọn sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà, “ìmilẹ̀ àjùmọ̀ṣe” ti tó, n kò rí ìdí ìjà níbẹ̀.

Alàgbà wa ní ó ti tó ogún ọdún tí àwọn ti ń lo “ìmìtìtì”. Kí wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo hàn wá nígbà náà, èyí tí ènìyàn ti jẹ́ olùwà, tí ilẹ̀ jẹ́ àbọ̀, tí “mì” kò sì pàdánù ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀.