Ilé ìgbẹ́ inú ọkọ̀ onígbòkun: kí lojú tiyín rí?

PULỌ́MBÀ ADÌGBẸ
Ẹ kú ìjókòó o. Àpáta ni ọ̀tá pulọ́mbà l'Abẹ́òkúta, ẹni tó bá ti gbẹ́ sókawèé rí á gbà fún mi. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, kò sí ilẹ̀ tá a fẹ́ gbẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun ni. Ọ̀gá tó ni ín máa ń wà á lórí ọ̀sà l'Ékòó, ó wá fi tírélà gbé e wá sí ọgbà rẹ̀ n'Íbarà fún àtúnṣe.

Òórùn ló lé ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ní hóòsì tó ń gbé ìgbẹ́ lọ sínú táńkì ló bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, òórùn ò lọ. Mo ki aṣọ bọ omi gbígbóná, mo fún un, mo fi wé hóòsì náà. Nígbà tó tutù, mo gbé e símú. Kò rùn. Bó bá jẹ́ pé òórùn ti wọ ara hóòsì ni, aṣọ yẹn ni ì bá tú u fó.

Ni mo bá lọ wo páìpù atẹ́gùn táńkì. Hà! Kò nípọn tó ìka kékeré mi, agbọ́n sì ti fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa. Kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ láìrùn, afẹ́fẹ́ ló ń mí. Táfẹ́fẹ́ ò bá wọlé, irú èyí tí ò nílò rẹ̀ á gba ibẹ̀, àwọn yẹn ló ń tú gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ jáde. Mo fi páìpù 25mm sí i, gbọọrọ, láìtẹ̀ níbì kankan.

Ohun tí kò sí nílé wa rèé o: nínú ọkọ̀, abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ojú omi òde lọ. Omi lè fa ara rẹ̀ wọlé títí ọkọ̀ á fi rì. Ìdí nìyẹn tí hóòsì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè kọjá ojú omi kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí fáàfù kékeré tó ń gba afẹ́fẹ́ wà lókè téńté rẹ̀. Táńkì lítà 60, tó bá kún, ó ń lọ bíi kílò 60. Ìsàlẹ̀, láàárín ọkọ̀, ni mo dè é mọ́lẹ̀ sí.

ÌYÁ ÌTỌ́KÒ
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Èmi ò lọ́kọ̀, orí àpáta ni mo kọ́lé sí. Táńkì oníke ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa, ọkọ̀ á wá fà á tó bá kún. Òórùn fẹ́ pa wá! Àṣé birikílà ti fi bíríkì bo páìpù atẹ́gùn, ó ní kò jẹ́ kí ògiri rẹwà. Ẹwà kẹ̀!

ỌMỌ LÀFẸ́ŃWÁ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún ọ̀gá yẹn kó ṣọ́ omi iyọ̀. Òun àti ìtọ̀ máa ń gan mọ́ inú hóòsì. Mo ti tú hóòsì 38mm rí l'Ápápá, ìka mi ò lè wọ inú ẹ̀. Fínígà ló ń yọ́ ọ, ẹ dà á sí i lóòrèkóòrè. Kó má sì tú táńkì sínú ọ̀sà. Òfin MARPOL, òfin àgbáyé lórí bíba òkun jẹ́, tó de àwọn ọkọ̀ ńlá ní ìgbẹ́ tí wọn ò fi nǹkan kan tọ́jú, ó di ẹ̀yìn máìlì òkun 12 sí ilẹ̀ kí wọ́n tó tú u, díẹ̀díẹ̀ náà sì ni.

PULỌ́MBÀ ADÌGBẸ
Mo ti sọ fún un, àbúrò. Ìyá Ìtọ́kò, ẹ má jẹ́ kí birikílà yẹn fọwọ́ kàn án mọ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, páìpù ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi.