Ta ló ti bá ètò tó fẹ́ràn wí ní gbangba rí?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ètò kan wà tí mo ti fi ń tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí fóònù fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Èmi ni mo túmọ̀ ojú-ìwé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sí Yorùbá, lóru, tí mo bá ti ọjà Wàǹdó dé. Lóṣù tó kọjá wọ́n tún un ṣe, ni àmì ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í já: o tẹ «ọkọ̀», «ọkọ» ló jáde. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á pé ẹni tó ṣe èyí kò ka èdè wa sí. Ó fèsì: «Mo gbọ́. Ẹ má bínú.» Látìgbà náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, mi ò sì lè sùn dáadáa. Ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ìyá Wàhídì
Àbúrò mi kọ̀wé sílé pé òun fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀. Gbogbo ẹbí ló pè é lọ́jọ́ náà.

Tíṣà Kétu
Ó ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú ètò míràn, tí mo fi ń kọ́ àwọn àgbà ní kíkà àti kíkọ nítòsí Àkábà Ìdènà. Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ìgbà náà ni mo gbé e síta. Mo kọ irú fóònù, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀dà ètò náà, mo kọ ohun tí mo tẹ̀ àti ohun tó jáde, mi ò sọ̀rọ̀ ìwà ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin kan láti Brazil rí ìlà kóòdù tó bà jẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́, wò ó dáadáa: ṣé «à» àti «é» náà ń já?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Rárá, ẹ̀gbọ́n. «Ẹ̀» àti «ọ̀» nìkan.

Tíṣà Kétu
Ó tán. «À» ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nípa nọ́ńbà. «Ẹ̀» kò ní: «ẹ» kan, àmì kan, méjì tá a so pọ̀. Ètò náà ń mú àkọ́kọ́, ó ń ju èkejì nù. Àṣìṣe ni, kì í ṣe ìkórìíra.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ fi ɛ àti ɔ kọ ọ́ dípò ẹ àti ọ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní Bẹ̀nẹ̀, wàhálà tán.

Tíṣà Kétu
Kò tán. «Ɛ̀» náà kò ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Kp ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ń kọ p bí ará Ìbàdàn!

Ìyá Wàhídì
Ẹ fi kp sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ètò náà, ṣé wọ́n ń sanwó fún un?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Wọn kì í san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ míràn ló ń ṣe lọ́sàn-án.

Ìyá Wàhídì
Ẹ wá dojú kọ ọ́ bí ẹni tó jẹ yín lówó.

Ará Kpobɛ
Ẹ rántí xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré nínú Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní 2022, àwọn orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí ní gbangba pé ó lọ́ra jù, kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó ṣàlàyé pé ọkàn òun kò le, pé òun kì í gbowó. Wọn ò dákẹ́. Ó gba ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wọlé, ìyẹn sì fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀, èyí tó lè fi wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Ní oṣù kẹta 2024 ni Andres Freund, ẹnìkan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, rí i, nítorí pé ìwọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù ariwo wa.

Tíṣà Kétu
Freund náà, gbangba ló ti sọ ọ́. Ká ní ó dákẹ́ ńkọ́?

Ará Kpobɛ
Ó sọ ohun tó rí. Kò sọ pé ẹnìkan ò ka òun sí.

Bàbá Ṣàkí
Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Ìyá Wàhídì
Ta lọmọ níbẹ̀, Bàbá? Òun ló ń ṣiṣẹ́ fún wa!

Ọmọ Àjàṣẹ́
Mo ti padà síbẹ̀. Mi ò pa ẹ̀sùn náà rẹ́, torí àmì ṣì ń já. Ṣùgbọ́n gbólóhùn «kò ka èdè wa sí», mo tọrọ àforíjì fún un níbi tí mo ti sọ ọ́ gan-an. Mo fi ohun tí Tíṣà ṣàlàyé síbẹ̀, pẹ̀lú ogójì ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi dán an wò. Kò tíì fèsì.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Fi ogójì ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ síbí. Mo ní fóònù àtijọ́ méjì, màá dán an wò lálẹ́ yìí. Màá fi ti ɛ àti ɔ kún un.