Oṣù mẹ́ta di oṣù méje, owó ti kọjá devis (ìwé iye owó iṣẹ́), kí ni kí n ṣe sí maçon (bíríkìlà) mi?

Ọmọ Alákétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Kétu ní Benin níbí ni mo ń kọ́lé sí, yàrá méjì àti pálọ̀, maçon kọ devis pé 2 500 000 sẹ́fà ló máa gbé e dé ìdí òrùlé, oṣù mẹ́ta péré. Oṣù keje la wà yìí mo ti ná 3 400 000, ògiri ò tíì ga ju fèrèsé lọ, gbogbo ìgbà tó bá ti pè mí sìmẹ́ǹtì ti tán. Ṣé ó ń jí i ni? Ìyàwó mi ní kí n lé e.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n ẹ má tíì pè é lólè o. Ṣé omi wà nínú devis yẹn? Omi jìn nílẹ̀ ní Kétu yín, rírà lẹ máa ń rà á, òun la fi ń po sìmẹ́ǹtì òun náà la fi ń rin bíríkì kó má sán. Tiwa ní Àjàṣẹ́ ńkọ́, ẹ̀bá ọ̀sà, bá a ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lomi ń yọ, irin tá a rì síbẹ̀ pọ̀ débi pé mo sunkún.

Maçon Ṣábẹ̀ẹ́:
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Tá a bá kọ iye tó jẹ́ gan-an oníbàárà á lọ bá ẹni tó dín in, ìyẹn lọ̀pọ̀ wa fi ń dín in lórí ìwé, kò dáa rárá. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rántí, ṣé ẹ ò ní kó fi nǹkan kún un? Ẹ ka bíríkì yín. Àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 kan, bíríkì oní-sẹ̀ǹtímítà 15 tó lágbára bí 30 sí 35 ló ń yọ. Bó bá dín sí 20, ẹ bi í léèrè ibi tí sìmẹ́ǹtì tó kù wọlé sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kútọnu:
Ilé opéra Sydney ní Ọsirélíà, mílíọ̀nù 7 dọ́là ni wọ́n fojú dá a, ó gba 102. Ọdún 1963 ló yẹ kó parí, 1973 ni wọ́n tó ṣí i. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1959 kí wọ́n tó mọ bí òrùlé ṣe máa dúró, nígbà tó yá òpó ìsàlẹ̀ ò lè gbé e, wọ́n ní láti tún un ṣe. Bọ̀dá, ẹ bi í nípa òrùlé yín báyìí.

Ọmọ Alákétu:
Ẹ ṣé gan-an. Èmi ni mo ní kó fa fàráńdà síwájú o, kò sí nínú devis, omi náà ò sí níbẹ̀. Àpò òfìfo ṣì wà nílé, lọ́la màá kà á mọ́ bíríkì kí n tó bá a sọ̀rọ̀.