Ọ̀nà wo ló dára jù láti di sọ́fítíwià ibi-ìkówèésí orí ẹ̀rọ pọ̀ kí ẹlòmíràn lè lò ó?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti kọ sọ́fítíwià kan tí ó ń gba ìwé tí a ti fi àmì TEI sí (ìlànà fífi àmì sí ẹ̀yà inú ìwé, bí orí àti ìpínrọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè dá wọn mọ̀), tí ó ń tò ó sí ojú ewé tí ènìyàn lè fi bíráúsà kà, tí ó sì ń ṣe atọ́ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí òǹkàwé lè rí ohun tó bá ń wá. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì fẹ́ fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní kí n fi Docker, irinṣẹ́ kan fún dídi sọ́fítíwià, dì í, àwọn mìíràn ní fáìlì kan ṣoṣo tí ènìyàn máa tẹ̀ tí yóò sì fi ara rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ló dára jù. Èwo ni kí n mú, irú ìwé àṣẹ ìlò wo ni kí n sì fi sí i?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹni tí yóò fi sọ́fítíwià náà sórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Docker rọrùn fún ẹni tó ń bójú tó sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pèsè iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), nítorí ó ń kó sọ́fítíwià àti gbogbo ohun tó gbára lé pọ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n olùtọ́jú ìwé tí kò tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà rí, ó ti lè sú u kó tó ka ìlà kejì nínú ìtọ́sọ́nà yín. Ẹ wo Greenstone, sọ́fítíwià ibi-ìkówèésí orí ẹ̀rọ tí Yunifásítì Waikato ní New Zealand kọ, tí UNESCO sì dara pọ̀ mọ́ ìpínkiri rẹ̀ ní ọdún 2000. Wọ́n dì í fún Windows, Linux àti Mac, wọ́n sì jẹ́ kí olùlò lè kó àkójọ ìwé rẹ̀ sórí CD-ROM, kí ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè kà á, kó sì wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. DSpace, sọ́fítíwià irú rẹ̀ tí Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà àti iléeṣẹ́ HP gbé jáde ní 2002, gba ọ̀nà mìíràn: ó nílò àwọn sọ́fítíwià mìíràn, bíi Java, PostgreSQL àti Solr, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ tó ní òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ló bá mu jù. Sọ́fítíwià méjèèjì wúlò. Àwọn tí wọ́n ń lò wọ́n ni kò rí bákan náà.

Ìdáhùn kejì

Èmi kò ní ohunkóhun lòdì sí Docker, àmọ́ ohun tó ń kó ìpayà bá mi nínú irú iṣẹ́ yìí ni ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé. Bí ìwé àwọn ènìyàn bá wà nínú fódà kan náà pẹ̀lú kóòdù, ẹ̀dà tuntun lè pa iṣẹ́ ọdún púpọ̀ rẹ́. Ẹ jẹ́ kí kóòdù wà lọ́tọ̀, kí ìwé àti ètò tí olùlò fúnra rẹ̀ yàn wà lọ́tọ̀, kí atọ́ka náà sì dá dúró, nítorí pé a lè pa atọ́ka rẹ́ nígbàkígbà kí a sì tún un ṣe láti inú ìwé, ṣùgbọ́n a kò lè fi atọ́ka ṣe ìwé.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ọ̀rọ̀ Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè. Lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ lè wọlé ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, kí ó sì rí bákan náà lójú. Bí ẹ kò bá sọ ìwé àti ọ̀rọ̀ tí olùlò tẹ̀ di NFC (ọ̀nà kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀ láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀) kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn, òǹkàwé yóò wá ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, a ó sì sọ fún un pé kò sí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ibi-ìkówèésí kéékèèké tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ ni mo ní lọ́kàn. Ìwé àṣẹ ìlò ńkọ́?

Ìdáhùn kẹta

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó tún kóòdù yín ṣe, tó sì ń pín in, fi àtúnṣe rẹ̀ hàn, ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL ni kí ẹ lò. Ẹni tó kàn ń lò ó lórí sáfà tirẹ̀ láìpín in fún ẹnikẹ́ni, GPL kò dè é. AGPL ẹ̀dà kẹta, ìbátan GPL tó jáde ní 2007, ló dí àlàfo yẹn: ẹni tó tún kóòdù náà ṣe, tó sì jẹ́ kí àwọn mìíràn máa lò ó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ yẹ àwọn kóòdù ẹlòmíràn tí ẹ lò wò pẹ̀lú: èyí tó wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Apache 2.0 lè bá GPL ẹ̀dà kẹta rìn, kò lè bá ẹ̀dà kejì nìkan rìn. Àwọn ìwé tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tiwọn lọ́tọ̀, ẹ má ṣe kó wọn mọ́ àṣẹ kóòdù.

Ìdáhùn kẹrin

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kẹ̀? Mi ò rò pé ẹ nílò sáfà rárá. Ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwià náà kọ gbogbo àkójọ náà jáde ní ojú ewé HTML lásán (irú fáìlì tí bíráúsà ń kà), tí ènìyàn lè kó sórí fílásì. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bíráúsà bíi Chrome kì í jẹ́ kí ojú ewé tí a ṣí tààrà láti inú fódà lo àṣẹ fetch láti ka fáìlì mìíràn, nítorí náà ẹ kọ atọ́ka yín bíi fáìlì JavaScript (èdè kóòdù tí bíráúsà ń lò) tí ojú ewé náà yóò pè fúnra rẹ̀. Bí àkójọ náà bá tóbi jù, atọ́ka yóò wúwo fún bíráúsà, ìgbà yẹn ni sáfà tó pọn dandan. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní irinṣẹ́ yín kankan, kí ẹ sì yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀.