Ọ̀fà di ọfà: kí lojú yín ti rí lẹ́nu iṣẹ́ bùráúsà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Tankẹ níbí, n'Ílọrin, ni mo ti ń ṣe ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan gbé iṣẹ́ fún mi. Lórí kọ̀ǹpútà mi, "Ọ̀fà" jókòó dáadáa. Lórí fóònù bàbá alága, àmì tó yẹ kó wà lórí Ọ ti sún lọ gun f lórí. Bàbá wò mí: "Ọmọ mi, ìlú wa lo kọ ni, àbí ọfà ọdẹ?" Ojú tì mí.

Fọ́ǹtì, ìyẹn àwòrán lẹ́tà, tó wà lórí fóònù yẹn ní Ọ, kò ní àmì ohùn, ni bùráúsà bá lọ yá àmì lára fọ́ǹtì mìíràn. Fìlà àyálò, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí lórí.

Látọjọ́ náà n kò fi ojú lásán yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Òfin Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ni mo gbé kalẹ̀: ọ̀nà 4 lèèyàn lè gbà tẹ lẹ́tà "ẹ́". Ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, kó o fi ohùn lé e. É tó ti ní ohùn, kó o fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì, èyí tó bá wù kó ṣíwájú. Ọ̀kan náà ni Unicode ka gbogbo wọn sí, nítorí náà àwòrán wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ àti Ọ, ńlá àti kékeré, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀: lẹ́tà 8, ọ̀nà 32. Fọ́ǹtì lásán, èyí tó ki, èyí tó dàgẹ̀rẹ̀, èyí tó ki tó tún dàgẹ̀rẹ̀: ó di 128. Prógíráàmù kékeré kan ló ń kọ ojú-ìwé ìdánwò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fúnra rẹ̀, tó ń ya fọ́tò wọn, tó sì ń fi wọ́n wéra. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé kò sẹ́ni tó ní láti fi bí lẹ́tà "ẹ́" ṣe rí hàn án. Kí wọ́n ṣáà ti jọra. Àwọn tó ń ṣe Chrome àti Firefox náà ń lo irú ìdánwò yìí, reftest ni wọ́n ń pè é. Lórí fóònù bàbá, é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí ló kùnà jù.

Ìdáhùn, láti Òmù-Àrán:
Ẹ̀gbọ́n, tiyín kéré. Bí ìdajì ìdánwò tèmi ló kùnà lóru ọjọ́ kan. Mo ti kọ ẹ̀sùn gígùn sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe bùráúsà kí n tó rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ǹtì ti ń bọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́, prógíráàmù mi sì ti ya fọ́tò kó tó dé. Mo fi document.fonts.ready sí i kó máa dúró dè é. Ó ku 3 péré, ṣ ló wà nínú gbogbo wọn. Ṣ ńkọ́ nínú tiyín? N ò rí i níbẹ̀.

Èsì:
Yéè! Mo gbàgbé ṣ.